Bí Ojú Bùráúsà Bá Dàrú Lẹ́yìn Update, Ẹ Má Tíì Pa Ohunkóhun Rẹ́

Ǹjẹ́ ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí pé ẹ jí ní òwúrọ̀, ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí ojú-ìwé tí ẹ máa ń ṣí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí kò jọ ohun tí ẹ fi sílẹ̀ ní alẹ́ àná? Ọ̀rọ̀ gun orí ara wọn. Àwòrán di dúdú. Bọ́tìnì tí ẹ máa ń tẹ̀ kò sí níbi tí ó wà mọ́. Ní igun kan, ìkéde kékeré ń sọ fún yín pé a ti fi update tuntun sí i ní òru. Àyà yín á sì já.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ilé wa ní ọdún 2022. Mo fẹ́ sọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, nítorí kì í ṣe update náà ni ó ṣe wá ní jàǹbá. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni.

Ìyàwó mi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ náà wà: ẹni tí ó ti san, ẹni tí ó yá owó, àti iye tí ó kù lọ́rùn olúkúlùkù. Ní ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ṣe ìpàdé tí wọ́n ti máa pín èrè ọdún, ó ṣí ojú-ìwé náà nínú Chrome, kò sì rí ohun mìíràn bí kò ṣe àbàwọ́n dúdú ńláńlá tí ó bo orúkọ àti iye owó mọ́lẹ̀. Ó pè mí. Èmi tí mo ń pe ara mí ní ọ̀mọ̀ràn jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ní kí ó lọ máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Mo ti máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà pé, "Ẹ ṣáà clear ẹ̀ ni." Mo wọ ibi tí wọ́n kọ "Clear browsing data" sí, mo yan "All time", mo fi àmì sí gbogbo àpótí tí mo rí, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Àbàwọ́n dúdú náà kò kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó kúrò níbẹ̀ ni gbogbo páásìwọ́ọ̀dù tí ìyàwó mi ti ń fi pamọ́ sínú Chrome láti ọdún pípẹ́. Nítorí pé kọ̀ǹpútà àti fóònù rẹ̀ so mọ́ àkáǹtì kan náà, àwọn ti orí fóònù náà bá a lọ. Ó ti ilé ìdáná jáde, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó sì wo ojú mi. "Dádì," ni ó wí, "kí lẹ fọwọ́ kàn?"

NÍBO NI ÀÌSÀN NÁÀ WÀ?

Ọmọbìnrin wa àgbà ni mo pè lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ ni pé, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi bí dókítà tí kò fẹ́ fún ènìyàn ní oògùn kí ó tó mọ ohun tí ń ṣe é. Ṣé ojú-ìwé kan ṣoṣo ni, tàbí gbogbo rẹ̀? Gbogbo rẹ̀ ni. Bí ẹ bá pa Chrome dé, ṣé àbàwọ́n náà ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà? Kò sí. Ṣé Firefox wà nínú rẹ̀? Ó wà. Ẹ fi ṣí ojú-ìwé kan. Mo ṣí i, ó sì mọ́lẹ̀ kedere.

Ó ní kí n padà sínú Chrome, kí n wọ Settings, kí n wá ibi tí wọ́n kọ System sí, kí n pa ohun kan tí wọ́n ń pè ní "Use hardware acceleration when available", kí n sì tẹ Relaunch. Chrome pa ara rẹ̀ dé, ó sì tún ṣí. Àbàwọ́n náà ti lọ. Gbogbo rẹ̀ kò tó àkókò tí a fi ń se Indomie.

Ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n, kí ni ọmọ náà mọ̀ tí èmi kò mọ̀? Ó mọ̀ pé ibi mẹ́ta ni ojú-ìwé máa ń gbà kọjá kí ó tó dé ojú wa. Àwọn tí wọ́n ni ín kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ tiwọn. Bùráúsà wa lọ gbé e wá, ó ka ìtọ́ni tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, ó sì to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sí àyè wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kíkun àwòrán yóò wá kùn ún sójú skíríìnì. Bí nǹkan bá dàrú, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó jẹ́, tí ó sì ti ń pa nǹkan rẹ́, oògùn ikọ́ ni ó ń fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ojú-ìwé kan ṣoṣo ni ó dàrú, tí àwọn yòókù sì dára, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ni ojú-ìwé náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá dàrú nínú bùráúsà kan tí ó sì dára nínú òmíràn, bùráúsà yẹn ni. Bí ó bá dàrú níbi gbogbo, títí kan ibi tí ẹ ti ń kọ lẹ́tà àti ibi tí ẹ ti ń wo fọ́tò, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ níbí o. Chrome, Edge, Opera àti Brave, orí ìpìlẹ̀ kan náà tí wọ́n ń pè ní Chromium ni a kọ́ gbogbo wọn lé. Bí ẹ bá ní kí Edge wá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ Chrome, ìbejì rẹ̀ ni ẹ ń bi. Firefox ni kí ẹ bi, nítorí ìpìlẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

OHUN TÍ KÌ Í PA NI LÁRA NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ ṢE

Ẹ pa bùráúsà dé pátápátá, kí ẹ tún un ṣí. Bí kò bá gbọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ update ni ó máa ń dúró ní agbede méjì títí a ó fi ṣe èyí.

Bí ọ̀rọ̀ bá tóbi jù tàbí tí ó kéré jù, ẹ di bọ́tìnì Ctrl mú, kí ẹ sì tẹ òdo, ìyẹn 0. Ojú-ìwé yóò padà sí ìwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀bi kò sí lọ́rùn update rárá: ọmọ kékeré ni ó di Ctrl mú tí ó sì yí táyà orí eku kọ̀ǹpútà.

Bí ó bá jẹ́ pé ojú-ìwé kan ni kò tò dáadáa, ẹ di Ctrl àti Shift mú pọ̀, kí ẹ sì tẹ R. Ìdí rẹ̀ nìyí. Kí bùráúsà má bàa máa gbé gbogbo nǹkan láti ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́, ó máa ń kó ẹ̀dà àwòrán àti ìtọ́ni pamọ́ sínú ilé. Bí àwọn tí ó ni ojú-ìwé bá ti yí i padà, tí bùráúsà sì ń lo ìtọ́ni àtijọ́ fún ọ̀rọ̀ tuntun, ó dà bí ẹni tí ó gbé ìwọ̀n ọdún tó kọjá fún télọ̀ láti fi rán aṣọ fún ọmọ tí ó ti ga sí i. Bọ́tìnì mẹ́ta wọ̀nyí ń sọ fún un pé kí ó lọ gba ìwọ̀n tuntun. Kò pa páásìwọ́ọ̀dù kankan rẹ́.

Ìdánwò mìíràn ni kí ẹ ṣí ojú-ìwé náà nínú fèrèsé àdáni: Ctrl, Shift àti N nínú Chrome, tàbí Ctrl, Shift àti P nínú Firefox. Nínú fèrèsé yìí, bùráúsà kì í lo ohun tí ó ti kó pamọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn àfikún tí wọ́n ń pè ní Extensions kì í sì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àfi bí ẹ bá ti gbà wọ́n láyè. Bí ojú-ìwé bá dára níbẹ̀ tí kò sì dára níta, ẹ wọ ibi Extensions, kí ẹ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ń dí ìpolówó ọjà àti àwọn tí ń sọ ojú-ìwé di dúdú ní alẹ́ ni ó sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Bí ẹ bá wá rí i pé ó di dandan kí ẹ nu nǹkan nù, "Cached images and files" nìkan ni kí ẹ fi àmì sí. Ẹ̀dà lásán ni ìyẹn, bùráúsà yóò tún gbé òmíràn wá. Bí ẹ bá fi àmì sí "Cookies", ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ ti wọlé ni yóò lé yín jáde, ẹ ó sì nílò páásìwọ́ọ̀dù láti padà wọlé. Bí ẹ bá sì rí àpótí èyíkéyìí tí ó dárúkọ páásìwọ́ọ̀dù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí tèmi tó.

KÍ LÓ DÉ TÍ UPDATE FI Ń DA NǸKAN RÚ?

Nípa ti àbàwọ́n dúdú tiwa, ohun tí ó fà á nìyí. Bùráúsà òde òní kì í fúnra rẹ̀ kun gbogbo nǹkan. Ó máa ń gbé iṣẹ́ kíkùn fún ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù, kí fídíò lè máa lọ geere. Ṣùgbọ́n ètò kékeré kan wà láàárín wọn tí ń ṣe ògbufọ̀, dráífà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Chrome di tuntun ní òru, dráífà kọ̀ǹpútà wa ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Ọ̀kan ń sọ èdè tuntun, èkejì kò gbọ́ ọ. Bí a bá pa ohun tí mo dárúkọ lókè yẹn (nínú Chrome ti ìsinsìnyí, "Use graphics acceleration when available" ni wọ́n ń pè é), Chrome yóò máa kun nǹkan láìlo ẹ̀yà náà. Fídíò lè máa wúwo díẹ̀. Nígbà tí a ti rí dráífà tuntun gbà láti inú Windows Update, a tún un tàn, kò sì sí wàhálà mọ́. Lórí Windows 10 àti 11, ẹ tún lè di bọ́tìnì Windows, Ctrl àti Shift mú, kí ẹ tẹ B. Ojú kọ̀ǹpútà yóò ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, dráífà náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe kò ní sọnù.

Nígbà mìíràn, ohun tí ojú-ìwé gbára lé ni ó kú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni Adobe fi òpin sí Flash, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021 ó dí i pa. Ọ̀pọ̀ eré àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé tí a fi Flash ṣe di àpótí òfìfo. Kò sí ohun tí ẹ lè nù tí yóò mú un padà.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú-ìwé ni kò mọ orúkọ bùráúsà dáadáa. Ní ọdún 2022, Chrome àti Firefox dé ìpele ọgọ́rùn-ún. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ṣe wọ́n ti ń kìlọ̀ pé àwọn ojú-ìwé kan wà tí wọ́n ń ka nọ́ńbà méjì péré, tí wọ́n á sì rò pé 100 ni 10, tí wọ́n á wá sọ fún ènìyàn pé bùráúsà rẹ̀ ti gbó. Ẹ wo irú ohun tí ó lè dá olúwarẹ̀ lójú pé òun ni ó ṣe àṣìṣe!

Àwọn kan yóò sọ pé, ṣé kí á wá kúkú pa update ni? Èmi kò gbà. Ihò tí àwọn ọlọ́ṣà lè gbà wọlé ni ọ̀pọ̀ update ń dí. Ẹni tí kò gbà á pàápàá yóò rí wàhálà láti ọ̀nà kejì. Chrome 109, tí ó jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ni ó kẹ́yìn fún Windows 7, 8 àti 8.1. Àwọn tí wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀ ń rí i pé àwọn ojú-ìwé tuntun kì í tò mọ́, kì í sì í ṣe update ni ó fà á, àìsí rẹ̀ ni.

ÀMÌ OHÙN TÍ Ó YẸ̀ KÚRÒ LÓRÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ó kan àwa tí a ń ka Yorùbá. Lẹ́yìn update, àwọn kan máa ń rí i pé àmì ohùn ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí pé àpótí kékeré ti gba ipò lẹ́tà. Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì kì í fi í ní ìṣòro yìí?

Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, "á" ní nọ́ńbà kan tirẹ̀. "Ẹ" náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. Bẹ́ẹ̀ ni "ọ̀". Lẹ́tà kan àti àmì kan ni a gbé lé ara wọn, fọ́ǹtì ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. Bí update bá pààrọ̀ fọ́ǹtì fún òmíràn tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí, àmì yóò yẹ̀. Bí fọ́ǹtì kò bá ní lẹ́tà náà rárá, àpótí ni ẹ ó rí. Àpótí yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tofu, láti inú rẹ̀ sì ni Google ti mú orúkọ fọ́ǹtì rẹ̀ tí ń jẹ́ Noto, pé kí tofu má ṣe sí mọ́. Noto Sans, Charis SIL àti Gentium mọ àmì Yorùbá gbé kalẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Nínú Chrome, ẹ wọ Settings, Appearance, kí ẹ yan Customize fonts. Àmọ́ o, ojú-ìwé tí ó bá ti yan fọ́ǹtì tirẹ̀ kò ní gbà á.

Bí ohun tí ẹ rí bá wá jẹ́ "áº¹" níbi tí ó yẹ kí "ẹ" wà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì. Ọ̀nà òdì ni a gbà ka ohun tí a kọ. Firefox ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní "Repair Text Encoding" lábẹ́ View tí ó lè tún un ṣe. Bí kò bá tún un ṣe, ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ni kí ẹ kọ̀wé sí.

TI FÓÒNÙ ŃKỌ́?

Lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ètò tí ń dín dátà kù ni ó ń da ojú-ìwé rú. Bí Opera Mini bá wà ní ipò tí ó ti ń fún ojú-ìwé pọ̀ jù lọ, ẹ̀rọ wọn ni ó kọ́kọ́ ń to ojú-ìwé kí ó tó fi ránṣẹ́ sí yín, nǹkan mìíràn sì máa ń já sọnù lójú ọ̀nà.

Ẹ sì mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ yín rárá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń lo Android káàkiri ayé rí i pé Gmail àti àwọn ohun èlò mìíràn ń pa ara wọn dé bí wọ́n ti ń ṣí wọn. Android System WebView ni ó fà á, ohun kan tí ó fara pamọ́ sínú fóònù tí àwọn ohun èlò ń lò láti fi ojú-ìwé hàn. Google fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti inú Play Store. Ẹni tí ó mú sùúrù tí ó sì gba àtúnṣe náà bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi ìbínú nu fóònù rẹ̀ mọ́ féfé pàdánù fọ́tò àti nọ́ńbà lórí ohun tí kò nílò rẹ̀.

ẸNI TÍ Ń PÈ YÍN LÁTI INÚ OJÚ-ÌWÉ

Àkókò tí nǹkan bá dàrú báyìí ni àwọn ẹlẹ́tàn máa ń wá. Ojú-ìwé kan yóò kọ ọ́ gàdàgbà pé bùráúsà yín ti gbó, kí ẹ tẹ ibí láti gba tuntun. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà yìí gan-an ni ètò burúkú tí àwọn onímọ̀ ààbò ń pè ní SocGholish ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn. Update tòótọ́ kì í ti inú ojú-ìwé jáde wá. Inú bùráúsà ni ó wà: nínú Chrome, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tí ó wà ní igun òkè, ẹ yan Help, kí ẹ sì yan About Google Chrome. Yóò sọ fún yín bóyá èyí tí ẹ ń lò ni tuntun jù, kò sì ní béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Àwọn kan tún máa ń pe ènìyàn lórí fóònù pé àwọn rí i pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní àrùn. Ta ni ó sọ fún wọn? Ẹ gbé fóònù sílẹ̀.

BÍ Ó ṢE PARÍ NÍ ILÉ WA

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò náà ṣe já sí. Láti gba páásìwọ́ọ̀dù tuntun, wọ́n ní àwọn yóò fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí láìnì tí ìyàwó mi fi forúkọ sílẹ̀. Láìnì yẹn ti sọnù láti ìgbà tí wọ́n ti jí fóònù rẹ̀ lọ́jà. Ọjọ́ Mọ́ńdè dé, ó lọ sí ìpàdé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù tí ó máa ń fi ọwọ́ kọ nǹkan sí, èyí tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ fún ọdún méjì pé ó jẹ́ ti ayé àtijọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ka owó tí ó yẹ kí wọ́n pín, wọ́n sì sún ìpínwó sí ọ̀sẹ̀ kejì kí wọ́n lè fi wé ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan kùn. Ìyá kan tí ó ti fojú sí owó náà fún owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ kò bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ náà fi pé.

Ní ọjọ́ Jimọ́ ni wọ́n tó gba láìnì náà padà fún un, lẹ́yìn tí ó ti tò sórí ìlà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọlé, ó rí ìwé ìṣirò náà bí ó ti wà, kò sí orúkọ kan tí ó sọnù. Àwọn páásìwọ́ọ̀dù tuntun wà nínú ìwé aláwọ̀ búlúù náà báyìí, ìwé náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ti fẹ́ yí padà díẹ̀, ọmọ wa ni ó ń pè.